Ẹ̀rọ Kékeré Tó Gbé Ohùn Bàbá Mi Dé Manígìrì

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, n kò sì ní bá yín jà. Bí ọ̀rẹ́ mi kan bá jókòó tì mí lábẹ́ igi kajú, tó ní òun ra ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ, pé ẹ̀rọ náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n òun, tó sì mú kí gbogbo agbo ilé máa wo ìyá òun bí ẹni tó ti di ẹrù tán, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Manígìrì ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó ti Basilá wá. Ọmọ oníṣu ni mí. Mo kàwé, mo sì fi ọdún díẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Basilá, kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi dé Líìlì, ìlú kan lókè Faransé níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ṣépè. Bí mo ṣe débẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ, kó lọ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó ní ibùdókọ̀ Basilá. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Èèyàn lè wọ aṣọ sí òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé alájà mẹ́fà, èèyàn kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ewúrẹ́, n kò gbọ́ odó, n kò gbọ́ tọkọtaya kan tó ń jà kí n lọ là wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n ti kó kúrò nílé nítorí mi ni.

Níbi iṣẹ́, orúkọ ìdílé tó wà lórí ìwé mi ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ń pè é bí ẹni tí iṣu gbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ilé mi, èyí tí ìyá mi ń pè mí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ ọ́ síbí náà, kí ẹ má baà máa fi pè mí lójú pópó. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó, kí odindi oṣù kan kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ yín. Mo máa ń pe ara mi nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ abọ́. Bí mo bá ti pè é tán, ojú á tì mí, màá sì ṣí omi kó máa ya dáadáa.

Iṣẹ́ mi ni láti máa ya ẹrù sọ́tọ̀ nínú ilé ńlá kan tí àwọn ará ìlú ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́ wá: àga, ìkòkò, aṣọ àwọn tó ti kú, bàtà ọmọ. Ohun tó bá dára, a ó nù ún, a ó tà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin, irú èyí tó ní apá kékeré àti abẹ́rẹ́. Ọ̀gá wa ní kò sí ẹni tó máa rà á, kí n máa gbé e lọ. Mo gbé e mọ́ àyà rìn dé ilé nínú òjò bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Mo ní àwo kan nínú àpótí mi, láti ilé ni mo ti gbé e wá, n kò sì tíì gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ àwo náà nìyí. Ní Manígìrì, tí àkókò ebè kíkọ bá tó, àwọn ọkùnrin á kó ara wọn jọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́la. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á máa dárin, àwọn yòókù á máa gbè é, ọkọ́ gbogbo wọn á sì máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín orin, adárin á máa pe èèyàn lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè gbọ́dọ̀ dáhùn: “Òo!” Ẹni tí kò bá dáhùn, ó ti sọ fún gbogbo oko pé òun kò sí nínú wọn nìyẹn. Àwọn obìnrin tó gbé omi wá náà ń gba ìpè tiwọn, wọ́n sì ń dáhùn. Bàbá mi ni adárin nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré, àwọn kan tó ń ṣe àwo orin gbé ẹ̀rọ wá sí oko wa, wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Àwo díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Bàbá mi kú, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo nílé bàjẹ́, àwo kan ṣoṣo ló sì kù. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá mi fi ìró rẹ̀ wé e. “Gbé e dání,” ó ní. “Níbi tí o ń lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ.”

Mo tan ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, mo sì pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Sàlíù, òun ni àkọ́bí wa, òun ló ń tọ́jú ìyá wa, gbé pọ́tábù, fóònù alágbèéká rẹ̀, sí i létí.

“Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́?”

“Mo ń gbọ́ àkàrà tí wọ́n ń dín,” ni ìyá mi wí. “Ọkọ mi ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Ariwo àkàrà ló wà níwájú, kíkùn bí ti oyin wà lẹ́yìn, ohùn bàbá mi sì wà láàárín méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni ara rẹ̀ kò dá mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Basilá, a sì tún gbé e padà. “Ọmọ mi,” ó ní, “wá nǹkan ṣe sí i. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kedere lẹ́ẹ̀kan, kó tó di pé èmi ni mo lọ bá a níbi tó wà.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá lókèèrè, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wọnú egungun. N kò lè lọ sílé. Ohun tí mo lè ṣe kò ju kí n tún ariwo kan ṣe.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ni Mùsíyè Pọ́ọ̀lù, bàbá àgbà kan tó ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ ilé mi. Ẹjọ́ ló bá wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní òun kò mọ ohun tí mo ń ṣe lókè níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi ń ṣàìsàn, ó sì ń dun òun. Mo ní kó wọlé. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bí dókítà ti ń wo ahọ́n ọmọdé.

“Àwo yìí dára,” ó ní. “Abẹ́rẹ́ rẹ náà dára. Preámpílì inú rẹ̀ ni kò níláárí.”

Ó gba ọ̀sán kan kó tó yé mi. Abẹ́rẹ́ tó ń rìn nínú ilà àwo, ohùn tó ń mú jáde kò ju ti kòkòrò lọ. Àpótí ńlá tó ń fọhùn kò lè gbọ́ ọ. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tó máa gbé ohùn kékeré yẹn sókè. Àwọn Faransé ń pè é ní preámpílì. Èmi ń pè é ní agbọ̀rọ̀sọ, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ láàfin. Ọba kì í pariwo. Á sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹni tó jókòó tì í á sì gbé e sókè kí gbogbo ìlú gbọ́. Bí onítọ̀hún bá jẹ́ olóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọba ni ẹ ó gbọ́. Bí ó bá fẹ́ràn ẹnu ara rẹ̀, tirẹ̀ ni ẹ ó gbọ́. Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Mùsíyè Pọ́ọ̀lù ní nígbà tí wọ́n bá ń tẹ àwo, wọ́n máa ń fún ohùn ńlá pọ̀ kó lè gba inú ilà, agbọ̀rọ̀sọ ni yóò tún tú u sílẹ̀. Mo ní ó yé mi: bí a ti ń di iṣu mọ́ra nínú kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù láìtú u, ìyà rẹ̀ ni. Ó ní àkàwé mi kò bá a mu rárá. Mo ní òun kò rí kámíọ̀ iṣu rí ni.

Ilé ìtajà kan tó mọ̀ ọ́n gbà kí a gbé méjì wálé láti dán wò. Èkínní ní gílóòbù kéékèèké lórí, tí ń tàn pupa bí ẹ̀yinná. Èkejì jẹ́ àpótí dúdú pẹlẹbẹ, kò ní ẹwà kankan, iná aláwọ̀ ewé bíńtín kan ló wà níwájú rẹ̀. Mo so okùn ilẹ̀ wọn, wáyà tó ń pa ariwo iná, mọ́ ẹ̀rọ àwo bó ti kọ́ mi, kíkùn oyin sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn sí èyí nìkan bí ẹni tó yege ìdánwò. Mo jó díẹ̀. Mùsíyè Pọ́ọ̀lù wo ojú fèrèsé.

A kọ́kọ́ gbọ́ oní-gílóòbù. Ohùn bàbá mi jáde, ó gbòòrò, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí epo.

“Ó dùn!” Mùsíyè Pọ́ọ̀lù pa ojú dé. “Gbọ́ bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí ni kí o mú.”

“Ó dùn jù, Mùsíyè. Bàbá mi kò sanra báyìí.”

“Kí ni ọ̀rọ̀ sísanra wá bá orin ṣe?”

“Ẹni tí ẹ ń gbọ́ yìí kò mú ọkọ́ rí. Ó jókòó sórí àga, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.”

Ó kùn, ó yí okùn padà sí àpótí dúdú. Mo gbọ́ irin ọkọ́ tó ń kan ọta. Mo gbọ́ ẹnì kan tó wúkọ́, mo gbọ́ èémí àwọn ọkùnrin kí wọ́n tó gbè. Ohùn bàbá mi há díẹ̀, eruku wà nínú rẹ̀. Òun gan-an nìyẹn. Mo fi ọwọ́ di àga mú. Níbi tí àkàrà ti máa ń pariwo jù tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ ọ tó pe orúkọ: “Àmọ̀kẹ́ o!”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ọkọ́ bọ́ sílẹ̀, ó tún bọ́ sílẹ̀. Orin ń bá tirẹ̀ lọ.

“Kí ló dé tí ojú rẹ rí bẹ́ẹ̀?” Mùsíyè Pọ́ọ̀lù bi mí.

“Ó ń pe ìyá mi.”

“Kí ló wá dé tí kò dáhùn?”

“N kò mọ̀.”

Ó fẹ́ tún bá mi jiyàn lórí gílóòbù, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó sì ní òun máa dá èyí tó ń tàn padà fún wọn, kí n sanwó èyí dúdú.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí yíyàn yẹn. Àwa tí a wà lókè òkun, oní-gílóòbù ni gbogbo wa. Bí wọ́n bá bi wá láti ilé pé báwo ni ibẹ̀, a ó tan iná pupa, a ó fi adùn sí i: ara le, iṣẹ́ ń lọ, kò sí wàhálà. Ohùn gbòòrò jáde lẹ́nu ẹni tó dúró nínú yàrá kan tí kò lè na ọwọ́ méjèèjì. Àwọn tó wà nílé náà ń tan tiwọn: Ìyá wà dáadáa, ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn ún díẹ̀. Báyìí la ṣe ń fi adùn pa ara wa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ àpótí dúdú. Mo rò pé ohun tó jẹ́ òótọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ rí i bí olùkọ́ ti máa ń gọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ilé jọ. Wọ́n gbé ẹní ìyá mi sí abẹ́ igi máńgòrò, àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó, àwọn ọmọ kún ilẹ̀. N kò sọ fún wọn pé bàbá wa pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bùn.

“Ìwọ ọmọ òyìnbó,” ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo, “ṣé a tún fẹ́ gbọ́ àkàrà ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbé pọ́tábù sókè, kí ẹ má sì jẹ tábà sí etí rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín náà dá. Mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ní, “Háà! Bàbá nìyẹn! Bàbá nìyẹn!” Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Orin lọ, ọkọ́ ń bọ́. Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀, bàbá mi sì pè é: “Àmọ̀kẹ́ o!”

“Òo!” ni ìyá mi dáhùn.

Ohùn rẹ̀ le. Láti ìgbà tí ara rẹ̀ kò ti dá mọ́, n kò gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ sí àárín ọkọ́ méjì gẹ́lẹ́, níbi tí àyè rẹ̀ ti ṣófo.

Ariwo sọ. Ẹnì kan kígbe, “Ìyá! Ẹ dáhùn! Ẹ ti dáhùn!” Mo gbọ́ abọ́ tó fọ́, àwọn ọmọ ń sá. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké, “Pa á! Pa ẹ̀rọ yẹn!”

Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa: bí ohùn bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Bí ó bá wá jẹ́ ohùn òkú ńkọ́? Tí ó sì jẹ́ pé aláìsàn ni ó pè? Òfin méjì ni ilé wa ní. Ọ̀kan ní kí ẹni tí adárin bá pè dáhùn, ìkejì ní kí ẹni tí òkú bá pè pa ẹnu mọ́. Èmi ọ̀mọ̀wé, àkọ́kọ́ nìkan ni mo rántí. Mo kó méjèèjì sínú pọ́tábù kan, mo sì rán an sí ìyá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Wọ́n ti se ẹ̀wà, wọ́n ti ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò, áfà ti ṣe àdúà. Ìyá mi kò fi ẹnu kan oúnjẹ. Ó kọjú sí ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, àwo lásán ni,” mo ní.

“Àwo lásán ló mọ orúkọ rẹ̀?”

“Orin ọ̀wẹ̀ ni. Láti ayébáyé ló ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló kàn...”

“Gbọ́ mi. Ìyá tí èmi ń gbé lọ, tí mo ń gbé bọ̀ ní Basilá, ìyá tí mo ń gbé omi gbígbóná fún láràárọ̀, ìwọ jókòó síbi tí o wà, o rán òkú sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́...”

“Bí nǹkan kan bá ṣe é, má wá síbí. Má pe ilé yìí mọ́.”

N kò ní sọ fún yín bí mo ṣe sùn. Mo yọ okùn àpótí dúdú náà kúrò, bí ẹni pé ìyẹn lè dá nǹkan kan padà. Mo kàwé, mo mọ̀ pé ilà tí wọ́n gbẹ́ sára ike kò lè pe ẹnikẹ́ni lọ sọ́run. Mo sọ ọ́ fún ara mi ní Faransé, ó dún dáadáa. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá, kò jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, mo ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn èèyàn fún pọ̀, olúkúlùkù wo ilẹ̀. Pọ́tábù mi dún. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló hàn. Ẹni tó ní n kò gbọdọ̀ pe ilé mọ́, kí ló fẹ́ pè mí fún ní àárọ̀ kùtù? Ohun kan ṣoṣo ni mo rò. Mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Mo gbé e sétí.

Ìyá mi ni.

“Mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti tún tín-ín-rín. “Kò fẹ́ fún mi. Gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin yẹn, àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá ní kí àwa obìnrin má ṣe lanu, pé a óò ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Bàbá rẹ pè mí, mo gbé ìdáhùn mi mì. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n kò pè mí mọ́ lóko títí ó fi kú.”

“Ìyá...”

“Dúró. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní kí n má dáhùn. Lánàá, wọ́n tún ní ǹ bá má dáhùn. Ta ni kí n wá dá lóhùn, ẹ̀yin ọmọ yìí?”

Ó mí díẹ̀, mo gbọ́ bí èémí náà ṣe ṣòro fún un tó. Ó wá pe orúkọ mi. Kò pè é bí a ti ń pe èèyàn lórí pọ́tábù. Ó fa ìparí rẹ̀ gùn, bí wọ́n ti ń pè é lóko.

Mo wo àwọn tó wà nínú tíráàmù. Ó tún pè mí.

“Òo!” mo ké.

Gbogbo wọn yíjú. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra.

“Ó dáa,” ni ìyá mi wí. “Gba ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Mo gbọ́ bí pọ́tábù ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Mo kí i, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀.” Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀, àkùkọ sì ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún kí i.

Kò dá mi lóhùn.